Ẹ Gbé Òkété Sórí Òṣùwọ̀n

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Wásinmi pé kí ni ìyàtọ̀ láàrin penguin àti kangaroo. Kò ní pẹ́ kó tó dá yín lóhùn. Penguin, ẹyẹ òkun ni, inú òtútù ló ń gbé, ẹyin ló ń yé. Kangaroo, ẹranko Ọsirélíà ni, ó ń fò, ó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn. Ó ti rí àwòrán wọn lára ògiri kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ P àti K. Ó ti rí wọn nínú katúùnù. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan náà pé kí ni ìyàtọ̀ láàrin òkété àti ẹmọ́, tàbí láàrin òyà àti ọ̀kẹ́rẹ́. Kẹ́kẹ́ á pa. Bó bá tiẹ̀ dáhùn, ó ṣeé ṣe kó sọ pé ẹran ìgbẹ́ ni gbogbo wọn, pé ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sè.

Àwa tá à ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Wásinmi ni wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, níbi tí ojú irin àtijọ́ gbà kọjá láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. A ò bínú sí penguin. A ò sì bá kangaroo jà. Àlejò ni wọ́n, a gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Orúkọ ìlú wa gan-an ń pe àlejò pé kó wá sinmi. Ṣùgbọ́n àlejò kì í wọlé kó lé onílé síta. Ohun kan ṣoṣo là ń jà fún: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀dá wé ẹ̀dá, kó jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tó gbé sórí òṣùwọ̀n jẹ́ tilé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ò mọ ìdáhùn la ṣe ń pariwo, ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè náà ná, ní Yorùbá, láì fo ibi tó le.

Ẹ jẹ́ ká mú emperor penguin, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo penguin tó wà láyé lónìí. Ẹyin kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ máa ń yé lọ́dún. Bó bá ti yé e tán, ọ̀rọ̀ di ti bàbá. Abo á gba òkun lọ wá oúnjẹ. Akọ á gbé ẹyin lé orí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, á fi awọ ikùn bò ó kó má baà kan yìnyín. Ìdúró ló máa wà tí yóò fi sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 65, nínú òtútù Antarctica tó lè já wálẹ̀ dé 40 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tá a bá ka ọjọ́ tó ti dé ibi ìyẹ́yin kún un, ó lè tó oṣù mẹ́rin tí nǹkan kan ò fi kan ẹnu bàbá yìí. Bí ọmọ bá pa kí ìyá tó ti òkun dé, bàbá tí ebi ń pa yìí náà ló máa pọ oje funfun kan jáde láti ọ̀nà ọ̀fun fún ọmọ mu.

Ẹ wá mú kangaroo pupa, èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹran tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 33 lọ. Ọmọ tó bí kì í wúwo tó gíráàmù kan. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kò ríran, kò nírun lára. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa rá gun irun ikùn ìyá rẹ̀ títí yóò fi wọ inú àpò, tí yóò gbá orí ọmú mú. Á tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kó tó jáde pátápátá, lẹ́yìn ìyẹn náà á ṣì máa ti orí bọ àpò wá mu ọmú. Ìyá kan ṣoṣo lè ní ọmọ tó ń fò kiri níta, òmíràn nínú àpò, àti oyún kan tó dá dúró nínú rẹ̀, tó ń retí kí àyè ṣí sílẹ̀. Orí ọmú kan á máa sun wàrà ọmọ tuntun, òmíràn á máa sun irú tó yàtọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ kan náà.

Méjèèjì ló gbé ọmọ mọ́ra. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀já pọ̀n dàgbà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Penguin fi awọ ikùn ṣe ọ̀já. Kangaroo pọn tiẹ̀ síwájú, ara rẹ̀ ló ti bá a rán ọ̀já. Ní ti penguin, bàbá ló ń pọnmọ nínú òtútù, ọ̀rá tó ti jẹ pamọ́ sára ló sì ń ná. Ní ti kangaroo, ìyá ni, koríko tó bá jẹ lónìí ló ń di wàrà lọ́la. Ẹyin penguin ò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá yọ̀ bọ́ sórí yìnyín, ó parí. Ọmọ kangaroo tí kò tíì lajú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wọ́ ara rẹ̀ wọlé.

Ìdáhùn nìyẹn o. Yorùbá ló gbé gbogbo ẹ̀, ẹ̀yìn ò sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sọ pé èdè wa ò lè gbé sáyẹ́ǹsì, kó tún ìpínrọ̀ mẹ́ta tó kọjá kà.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn: “Ṣé Yorùbá tiẹ̀ lórúkọ fún kangaroo ni?” Kò ní. Gẹ̀ẹ́sì náà ò ní. Lọ́dún 1770, ọkọ̀ James Cook forí sọ òkúta inú òkun nítòsí àríwá ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe létí odò ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn Guugu Yimithirr tó ni ilẹ̀ ọ̀hún: gangurru. Irú kangaroo kan pàtó ni àwọn onílẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀. Òyìnbó gbé e, ó fi ń pe gbogbo ìdílé. Ojú ò tì í, kò sì sọ pé nítorí náà òun ò ní fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ òun mọ́.

Ti penguin gan-an ló yẹ kó yé wa dáadáa. Ẹyẹ mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní penguin. Great auk lorúkọ rẹ̀ lónìí: ẹyẹ òkun àríwá Àtìláńtíìkì, dúdú lẹ́yìn, funfun níkùn, apá rẹ̀ kéré débi pé kò lè fò. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Yúróòpù dé ìsàlẹ̀ ayé, wọ́n rí ẹyẹ tó jọ èyí tí wọ́n mọ̀, wọ́n ní “penguin rèé”. Àwọn ẹyẹ méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìmọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ojú ilé ni wọ́n fi wo òde. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi wọn ohun tí wọn ò mọ̀. Ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán ni wọ́n tó rí ibi tí ìjọra parí sí. Ọmọ wa ní Wásinmi ńkọ́? Ohun tí kò rí rí là ń gbé fún un pé kó fi wọn ohun mìíràn tí kò rí rí. Àkọ́sórí ni irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ máa ń dà.

Ó ti tó àkókò ká gbé òkété wọlé.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe òkété ní “pouched rat”, eku alápò. Ọmọ tó ti kọ́ pé kangaroo ní àpò á rò pé ìbátan ni wọ́n. Irọ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni àpò òkété wà. Ẹ̀kùrọ́, ẹ̀pà, àgbàdo, á kì wọ́n sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú, á gbé wọn lọ pamọ́ sínú ihò. Àpò oúnjẹ nìyẹn. Ti kangaroo, àpò ọmọ. Eku gidi ni òkété, inú ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà kó tó bí i. Ẹ fi wọ́n wéra ná: òkété kì í sábà ju kìlógíráàmù kan àti ààbọ̀ lọ, abo kangaroo pupa wúwo jù ú lọ fíìfíì, síbẹ̀ oyún àwọn méjèèjì kì í ju nǹkan bí oṣù kan lọ. Lọ́jọ́ ìbí, ọmọ òkété ló wúwo ju ọmọ kangaroo lọ! Ìyá tó kéré ló bí ọmọ tó tóbi. Ibẹ̀ ni ọmọ á ti rí ohun tí àpò ikùn wà fún: iṣẹ́ tí òkété parí nínú ilé ọmọ, inú àpò ni kangaroo ti ń parí rẹ̀. Àwòrán mélòó lára ògiri ló kọ́ ọmọ ní èyí? Òkété tó wà lẹ́yìn ilé ló kọ́ ọ.

Àwọn àgbà wa tiẹ̀ ti ń wo ọmú òkété tipẹ́. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe nípa ọmọ tó ń tọ́jú òbí ni. Ọmọ tí kò mọ òkété máa gbọ́ òwe yìí bí ẹni gbọ́ èdè àjèjì.

Òkété tá a kà sí ẹran ọbẹ̀ lásán, àwọn mìíràn ti rán ìbátan rẹ̀ níṣẹ́. Ní Morogoro, ní Tanzania, àjọ APOPO ń kọ́ ẹ̀yà òkété kan láti fi imú gbọ́ òórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ àti òórùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú itọ́ aláìsàn. Ara rẹ̀ fúyẹ́, bọ́ǹbù kì í dún mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia, ó sì tú àṣírí bọ́ǹbù àti ohun ìjà tó lé ní 100. Lọ́dún 2020, àjọ PDSA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà, òun sì ni eku àkọ́kọ́ tó gbà á. Nígbà tó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìròyìn ikú rẹ̀ ká gbogbo ayé. Àwọn tó ń sọ pé ká fi penguin àti kangaroo kọ́ ọmọ kó lè mọ ayé, ta ló sọ fún yín pé òkété ò sí láyé?

Ẹ wo lékeléke náà. Kì í ṣe ẹyẹ òkun. Ẹ̀yìn màlúù ló ń tẹ̀lé, tó ń ṣa kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù bá tú sókè. Òun ni ọmọdé máa ń ké pè kó wá fún èékánná àwọn ní funfun. Ẹyẹ orí ilẹ̀ yìí ṣe ohun tí penguin ò lè ṣe: ó fò ré Àtìláńtíìkì kọjá. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti rí i ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, apá ara rẹ̀ ló gbé e láti Áfíríkà débẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1953, ó ti ń yé ẹyin ní Florida. Ẹ sì mọ ẹran tó bá níbẹ̀? Opossum, tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn bíi ti kangaroo. Ẹyẹ tiwa ti lọ bá ẹran alápò gbé ìlú kan náà, àwa ò sì fi wọ́n wéra rí.

Bẹ́ẹ̀, ká tiẹ̀ sọ òótọ́, òkun pàápàá ò jìnnà sí Wásinmi tó bá a ṣe rò. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, omi òkun ló bo ilẹ̀ yìí. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi ìgbà náà ṣì wà nínú òkúta. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ló wà lára ògiri ilé ìwé tí wọ́n lẹ àwòrán penguin mọ́. Ẹyẹ òkun gidi náà sì wà nínú ìtàn Nàìjíríà. Ní Ameki, ní ìpínlẹ̀ Abia òde òní, wọ́n wú egungun àyà ẹyẹ òkun ńlá kan tó ti kú láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn ẹyẹ tí apá wọn gùn jù nínú ìtàn ayé, etí àgógó wọn sì rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. London ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1916, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Gigantornis eaglesomei. Orúkọ Eaglesome ni wọ́n fi pè é, ọ̀gá ìjọba amúnisìn tó ń bójú tó rélùwéè àti iṣẹ́ òde ní Nàìjíríà. Ẹran alápò náà ò ṣàì fẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà: ní Fayum, ní Íjíbítì, wọ́n ti rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìbátan wọn kékeré kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹyẹ òkun wé ẹran alápò, ó lè ṣe é láti orí ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló ti gbọ́ orúkọ Ameki nínú kíláàsì?

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ àwòrán ògiri nìkan lèyí. Lọ́dún 1970, Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó pẹ́ kí ìjọba tó gbọ́. Ní 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ìwé tó jáde, kí tíṣà tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n yí ohùn padà: ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba ní òun ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Wọ́n ní àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ lédè abínibí ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ẹni tí ẹ ò kọ ìwé fún, tí ẹ ò kọ́ tíṣà fún, kí lẹ retí kó ṣe? Ọ̀pá tí wọn ò rì mọ́lẹ̀ dáadáa ṣubú, wọ́n ní igi náà ni ò dáa.

A ò lè máa dúró de Àbújá. Nítorí ohun tó ń lọ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní ogójì ọdún, ẹ rántí igún? Ó máa ń bà sórí òrùlé ilé ìpẹran, kò sí ọjà tí kò sí. Lọ́dún 2015 ni àwọn tó ń ka ẹ̀dá ayé, IUCN, gbé igún tá a mọ̀ yìí sí ìpele tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó pa rẹ́ nínú igbó. Májèlé wà níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn tó ń pa á fún oògùn náà wà níbẹ̀. Òwe igún ṣì kún ẹnu wa; igún ló kù tá a máa wá.

Ibi tó ti bá great auk náà nìyẹn. Wọ́n pa á jẹ, wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n kó ẹyin rẹ̀. Lọ́dún 1844, ní erékùṣù kan létí Iceland, wọ́n lọ́ méjì tó kẹ́yìn tí wọ́n mọ̀ lọ́rùn pa. Orúkọ tó ni, “penguin”, ti di ti ẹlòmíràn títí ayé. Ẹyẹ tí gbogbo ayé ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ wọn ní lẹ́tà P, òun fúnra rẹ̀ ò sí mọ́. Tí àwọn tó ní orúkọ, tó ní ìwé, bá lè pàdánù ẹyẹ bẹ́ẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ọmọ onílé ò tiẹ̀ lè dárúkọ? Ta ló máa mọ ọjọ́ tó lọ?

Nítorí náà, ohun tá a fẹ́ rèé. Tíṣà, bẹ́ ẹ bá lẹ kangaroo mọ́ ògiri, ẹ lẹ òkété mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí ọmọ sọ ibi tí àpò kálukú wà àti ohun tó ń gbé sí i. Ẹ̀yin tó ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì, ẹ má gbé ìbéèrè “fi èyí wé tọ̀hún” jáde mọ́ láì sí ẹ̀dá kan níbẹ̀ tí ọmọ lè rí kó tó délé. Òbí, tí ọmọ bá béèrè orúkọ ẹran lọ́wọ́ yín, ẹ má sọ pé ẹran ìgbẹ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní fóònù lọ́wọ́, àwa náà wà lára yín: ẹ tọ àwọn ọdẹ àti àwọn ìyá tó ń ta ẹran gbígbẹ lọ, ní Wásinmi, ní Ìfọ̀, ní Ìtòrì. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀: orúkọ ẹran, ihò tó ń gbé, iye ọmọ tó ń bí, ọdún tí wọ́n rí i kẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ fi àmì sí i, ẹ gbé e síbi tí ọmọ mìíràn ti lè kà á. Àwọn àgbà yẹn ò ní wà títí, àwọn ẹran náà ò sì ní dúró dè wá.

Kí penguin dúró sáyè ẹ̀, kí kangaroo náà máa fò. A ṣì máa kọ́ nípa àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wà ní Wásinmi, òkété sì wà lẹ́yìn ilé. Ẹ gbé e wá.